Pẹ̀lú Aṣòfin Wa Káàkiri Iléṣà

Ọjọ́ Ajé

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti wọ ìsinmi, aṣòfin tí mo ń bá ṣiṣẹ́ sì ti sọ fún wa pé àárín àwọn olùdìbò ní Iléṣà ni àwọn yóò ti lo ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe inú ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tèmi nínú ìrìn náà ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó béèrè, àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, àti ìjọba tí ojúṣe náà wà lọ́rùn rẹ̀. Kí a tó kúrò ní Òṣogbo ni mo ti fa ìlà sínú ìwé ńlá kan, mo sì jẹ́ kí àyè ohun tó kẹ́yìn yẹn fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yóò ti máa wáyé. Aṣòfin 26 ló wà nílé náà, ìjọba ìbílẹ̀ 30 ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ fún. Láàárín irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, “ọ̀nà wa ti bàjẹ́” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àfi kí a dárúkọ ọ̀nà náà, kí a sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí a sì sọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àdírẹ́sì kì í dé inú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà tó já láti Òṣogbo sí Iléṣà lé díẹ̀ ní 30 kìlómítà, òjò oṣù Keje sì ti ń ṣú bọ̀ kí a tó wọ ìlú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ní wọlé fún ọ̀rọ̀ ìlú kó má kọ́kọ́ yà sí ààfin Ọwá Obòkun. A bá àwọn ìjòyè níjòkòó. Lẹ́yìn ìkíni, àgbà ìjòyè kan tí ohùn wọn kò ga bi aṣòfin wa léèrè pé, “Ọnọ́rébù, ẹ kú àbọ̀ o. Nínú gbogbo ohun tí a bá yín sọ nígbà tí ẹ wá tọrọ ìbò, èwo ló ti jáde?” Aṣòfin wa yọ ìwé kan, wọ́n sì kà á láìfi ọ̀kankan pamọ́: àbá kan lórí iná ojú pópó ti di títẹ́wọ́gbà nílé aṣòfin, kọ́lífáàtì kan ti wọ ètò ìṣúná ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tíì jáde, ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, kò tíì kúrò lójú kan. Àgbà náà mi orí. “Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Ẹ rántí pé òṣómàáló làwa o. A ó lóṣòó tì yín títí a ó fi gba tiwa.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àyàfi àgbà náà fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ kọ́lífáàtì yẹn gba àlàyé, nítorí a ó máa pàdé irú rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Abala 121 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló pa á láṣẹ pé kí gómìnà gbé ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀ wá síwájú ilé aṣòfin. Àwọn aṣòfin a máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a máa pe àwọn kọmíṣọ́nnà wá ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ ọ́ di òfin. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wà nínú ìwé, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ló kù sí láti tú u sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wọ ìwé ni owó rẹ̀ ń jáde kí ọdún tó yí po. Aṣòfin kò ní àpò kan tó lè ki ọwọ́ bọ̀ láti la gọ́tà. Òfin ni tirẹ̀ láti ṣe, ìnáwó ìjọba ni tirẹ̀ láti bojú tó, ohùn ẹkùn ìdìbò rẹ̀ sì ni tirẹ̀ láti gbé dé ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bínú sí aṣòfin ń bínú sí wọn nítorí iṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn olóṣèlú náà ló sì fà á, nítorí nígbà ìpolongo ìbò, wọn kì í ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ onílé kan ní Ìsọ̀kùn mú wa lọ wo gọ́tà tó ń da omi sínú ilé. Aṣòfin wa kò sọ pé àwọn yóò tún un ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fúnra wọn wọ̀n ọ́n láti ojú títì dé ibi tí omi ti ń ya bàrá. Mo kọ iye mítà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kọ “ìjọba ìbílẹ̀” sí àyè tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjà Àtàkúnmọ́sà, tí a fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn Ọwá ìgbàanì pè, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyálọ́jà ti ní kí wọ́n to àga sábẹ́ tapólì kan, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn tó dúró fi pọ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Àwọn kan rò pé ìrẹsì la gbé wá, wọ́n sì béèrè rẹ̀ láìtijú. Àpò ìrẹsì rọrùn láti pín, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò rẹ̀. Èmi gbà pé ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ ju òfin lọ nínú ìròyìn tí àwọn olóṣèlú ń gbé jáde nípa ara wọn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohun tí àwọn ọlọ́jà sọ kò ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: ilé ìyàgbẹ́ kò tó, pàǹtírí ń pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó wá kó o, àwọn tó ń gba owó ọjà sì pọ̀ jù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú wa pẹ́. Màmá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ tú etí ìró wọn, wọ́n sì kó tíkẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n tò wọ́n sórí ìsọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ayò. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan kò ju bébà ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé lọ. Àwọn kan ní òǹtẹ̀, àwọn kan kò ní ju nọ́ńbà lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó sọ òfin tí wọ́n fi ń gba owó náà. Màmá ní, “Ọnọ́rébù, èwo ni ti ìjọba níbẹ̀? Ẹ bá mi ṣà á o, n ó máa san án. Àwọn tó kù, ẹ bá mi dá wọn padà.”

Kò sí ẹni nínú wa tó lè ṣà á. Aṣòfin wa wá sọ ohun tí ìwé sọ fún wọn. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè kó ọjà, gáréèjì, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, gọ́tà, ojú títì àdúgbò àti kíkó pàǹtírí fún ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 1998 kan sì wà tó to àwọn owó tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè gbà, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà wà ní ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àyàfi ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà ló kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà nítorí àtigba owó orí. Awakọ̀ kan tó kàn ń kọjá lọ dúró nígbà tó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó sì bẹ aṣòfin wa pé kí wọ́n tún un sọ kí òun fi fóònù gbà á sílẹ̀. Wọ́n tún un sọ.

Lójú mi, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni ohun tó dára jù tí a rí mú kúrò lọ́jà, nítorí ọwọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ tó o. Abala 7 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ìpínlẹ̀ ni yóò ṣe òfin lórí bí ìjọba ìbílẹ̀ yóò ṣe wà, lórí ìnáwó rẹ̀ àti lórí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ilé aṣòfin má ṣe àbádòfin kúkúrú kan tí yóò pa á láṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye owó tó ń gbà mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, kí orúkọ rẹ̀ àti òfin tó gbé e dúró sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀. Àwọn tí kò ní fẹ́ ẹ wà, kì í sì í ṣe àwọn ọlọ́jà.

Ọjọ́rú

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí a kọ́kọ́ yà sí mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ kò dúró kí a béèrè ohunkóhun; wọ́n mú wa tààrà lọ sídìí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bébà kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n ń kọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ yóò dín, bí àwọn kan nínú rẹ̀ bá sì dì, wọn kò wúlò mọ́. Títí di ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo ohun tí wọ́n kọ wà ní àárín ìwọ̀n náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè bébà náà ṣófo. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé bátìrì tó ń gba agbára oòrùn pamọ́ ti kú, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà àwọn ti kó àjẹsára náà sínú kúlà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn lórí ọ̀kadà. Láràárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, ẹnìkan nínú wọn ń lọ kó ìwọ̀nba tí wọn yóò lò wá. Owó ọ̀kadà náà, àpò ara wọn ló ti ń jáde.

Bátìrì kan ló fa gbogbo rẹ̀. Aṣòfin wa bi wọ́n bóyá wọ́n ti kọ̀wé. Wọ́n ti kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbà á. Inú mi dùn sí nọ́ọ̀sì yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí ẹ̀dà lẹ́tà olóǹtẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ètò ìlera ilé aṣòfin lè fi di kọmíṣọ́nnà mú. Ìkùnsínú kò ṣeé fi di ẹnikẹ́ni mú.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ya, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú ilé ìwòsàn báyìí. Apá kan nínú rẹ̀ ń gba ọ̀nà ètò adójútòfò ìlera wá, apá kan wà fún oògùn, apá kan fún ilé àti irinṣẹ́. Ohun tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kí ó béèrè iye tó dé, ilé ìwòsàn tó dé, àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Abala 128 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún un ní agbára láti wádìí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. A tún sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà níjòkòó pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní òun ti gbọ́ nípa rẹ̀, àmọ́ òun rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè ohunkóhun.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a lọ lẹ́yìn náà ní òrùlé tí atẹ́gùn ti ká sẹ́yìn lórí yàrá kan. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti kó wọ yàrá ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn ló ti mọ irú ìṣòro yìí, n kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ ni pé owó wà ní UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀, fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá kó ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè rí ìdajì tó kù gbà. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi aṣòfin kò ju èyí lọ: ṣé ìdajì tiwa wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí, ṣé wọ́n sì ti san án?

Ọjọ́bọ̀

Abúlé tí a lọ lónìí kò sí nínú ẹkùn wa. Aṣòfin tó ń ṣojú ibẹ̀ ló ké sí tiwa, nítorí omi tó ń ṣàn láti ibẹ̀ kò mọ ààlà ẹkùn ìdìbò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní oko níbẹ̀ sì ní ilé ní Iléṣà. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà, a sì fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín kòkó.

Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ìgún, Ìtagúnmodì àti Ìperíndó jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìwakùsà ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀, láti ọdún 2021 sì ni iṣẹ́ ìwakùsà ńlá ti Segilola, tó ní ìwé àṣẹ, ti ń yọ wúrà jáde nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí a lọ wò yàtọ̀ sí ìyẹn: ihò tí àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ gbẹ́ sí etí odò, tí wọ́n fọ ẹrẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n mú ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì lọ. Ihò náà kún fún òjò. Ìdí kòkó mẹ́ta dúró sí bèbè ọ̀kan nínú wọn, gbòǹgbò wọn hàn síta, èso sì wà lórí wọn síbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ tó ni oko ní àwọn kan wá bá àwọn, wọ́n fún àwọn ní owó díẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò dí ihò náà bí àwọn bá ti ṣe tán. Wọn kò dí i. Aṣòfin wa béèrè ìwé. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tó wá lóru, ìwé wo ni yóò mú dání?”

Aṣòfin wa bẹ̀rẹ̀ létí odò, wọ́n bu omi rẹ̀ sínú ìgò òfìfo kan. Ó rí bí kòkó tí a fi mílíìkì sí. Nígbà tí a fi padà dé Iléṣà, ẹrẹ̀ tó ti rọlẹ̀ sí ìdí ìgò náà ti nípọn tó àtàǹpàkò, omi orí rẹ̀ kò sì tíì mọ́. Irú omi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí nígbà tí odò Ọ̀ṣun yí àwọ̀ ní Òṣogbo, níbi tí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, wà.

Ibí yìí ni àyè tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ti di ìṣòro gidi. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nílẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìwakùsà sì wà lára ohun tí àwọn aṣòfin Àbújá nìkan lè ṣe òfin lé lórí. Nítorí náà, bí aṣòfin ìpínlẹ̀ kan bá sọ fún àgbẹ̀ pé òun yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakùsà, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò ṣófo pátápátá. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ní kí ìgbìmọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká, kí ó máa gba mínísítà nímọ̀ràn, títí kan ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú fún àwọn tí iṣẹ́ náà bá ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Abala 116 òfin kan náà ní kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ bá àwọn ará ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abala 162 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì sọ pé ohun tí ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́ọ́nì ti jáde yóò gbà kò gbọ́dọ̀ dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ti ibẹ̀ wọ àpò àpapọ̀.

Àwọn aṣòfin méjèèjì jókòó sórí igi tó ṣubú, wọ́n sì jíròrò lórí ohun tí wọ́n lè jọ gbé dé ilé. Ti àlejò wa ni kí ilé pe ìgbìmọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì náà kó wá ṣàlàyé ìpàdé tó ti ṣe. Tiwa fẹ́ kí àbá náà kọ́kọ́ béèrè ohun méjì tó ṣeé dáhùn: níbo ni ẹ̀dà àwọn àdéhùn ìdàgbàsókè wà tí ará abúlé lè kà á, èló ni ìpínlẹ̀ sì ti gbà lórí wúrà láti ìgbà tí yíyọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n kò fẹnu kò tán kí a tó dìde. Èmi fara mọ́ tiwa, kì í ṣe nítorí pé àwọn ni wọ́n gbà mí síṣẹ́, bí kò ṣe pé ìbéèrè tó ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ dídùn dáhùn. Ní ti àwọn tó ń wá lóru, ọ̀rọ̀ àwọn agbófinró ni, bàbá àgbẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; àmọ́ òru jìn sí tésàn ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ yìí kò pẹ́. Ní òwúrọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onílé pàdé wa nítòsí Yunifásítì Iléṣà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2022 láti ara Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ilé ti gbówó lórí jù. Àwọn onílé ní sìmẹ́ńtì náà ti gbówó lórí. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, aṣòfin wa kò sì ṣe ìlérí òfin kankan. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa bẹ́ẹ̀, nítorí òfin tó bá fi tipátipá dín owó ilé kù níbi tí ilé kò ti tó yóò kàn mú kí àwọn onílé máa gba ìyókù lábẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tírànsífọ́mà ló gba ìyókù àárọ̀ náà. Àdúgbò kan ti ń dá owó jọ láti ra tiwọn. Aṣòfin wa ní kí wọ́n dúró díẹ̀: ìlànà tí àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ṣe ní ọdún 2015 sọ pé àdúgbò tó bá fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí owó náà lè padà sọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá rà á láìkọ̀wé, ó di ẹ̀bùn. Alága ẹgbẹ́ onílé ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí, ó sì ní kí akápò má tíì na kọ́bọ̀ nínú owó náà. Wọ́n tún béèrè bóyá ìpínlẹ̀ lè dá sí ọ̀rọ̀ iná rárá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin lórí iná, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìpàdé gbogboogbò ni ti òní. Gbọ̀ngàn kún, àwọn àgbà níwájú, àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, àwọn tó wá torí kí a rí wọn sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Aṣòfin wa kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ara wọn. Wọ́n ní kí n dìde ka ohun tí mo ti kọ láti ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. Ohùn mi kò dára fún irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ bí mo ṣe ń dé orí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará ibẹ̀ ń dáhùn láti ìjókòó wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé ó ku síbì kan. Bàbá kan láti Ìjọ̀kà ní a kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Òótọ́ ni, a kò débẹ̀. Aṣòfin wa ní kí wọ́n sọ tiwọn níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì sọ ọ́: omi ẹ̀rọ tí kò ṣàn, páìpù tó bẹ́, àti ibi tó ti bẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Olùkọ́ kan fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí àwọn aṣòfin ń jókòó lọ́dún tí wọ́n fi ń gba owó oṣù. Abala 104 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 181, aṣòfin wa sì fi kún un pé ẹnikẹ́ni lè wá jókòó sí àyè àwọn òǹwòran láti ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì béèrè láìṣẹ́jú pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, bí aṣòfin kò bá ṣe dáadáa, báwo ni a ṣe lè pè é padà?” Àwọn kan ké sí i pé kó jókòó. Aṣòfin wa ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé abala 110: ìwé tí iye tó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà bá fọwọ́ sí ni yóò lọ sọ́dọ̀ alága INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, INEC yóò yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò, yóò sì ṣe ìdìbò lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 90. Wọ́n sọ ọ́ láìyí ohùn padà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo ojú àwọn olóṣèlú kan tó jókòó síwájú, mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ náà kò dùn mọ́ gbogbo wọn.

Ìbéèrè tó gba àkókò jù ni ti owó ìjọba ìbílẹ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ìpínlẹ̀ má ṣe fọwọ́ kàn án, kìkì àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn ló mọ wàhálà tó ti wà ní Ọ̀ṣun lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, olúkúlùkù sì ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Ariwo fẹ́ sọ. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló pa á. Wọ́n ní, “Ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè máa ṣe, gọ́tà Ìsọ̀kùn kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Owó tí ẹ ń jà lé lórí ni owó gọ́tà náà.” Aṣòfin wa kò dá sí ti ẹgbẹ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn lè ṣe nílé ni kí àwọn rí i pé òfin ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ bá ìdájọ́ náà mu, wọ́n sì kọjá síbẹ̀. Ìdáhùn náà kúrú jù fún mi. Ó yẹ kí wọ́n sọ ohun tí òfin náà kò tíì ní.

Kí a tó túká, wọ́n ka àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ àbádòfin tíkẹ́ẹ̀tì ọjà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n fi ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá gba owó láìsí tíkẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan tó wà níjòkòó ní kí wọ́n tún wo bí kò ṣe ní tako òfin ọdún 1998. Àwọn méjèèjì ni a kọ sílẹ̀. Wọ́n sọ fún Ìyálọ́jà pé bí àbádòfin náà bá kọjá kíkà kejì, ìgbìmọ̀ yóò pe àpérò ìta gbangba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fúnra wọn. Ìyálọ́jà ní ọkọ̀ ẹlẹ́rò kan kò ní gba àwọn.

Ọjọ́ Ajé kejì

A sinmi lánàá. Lónìí, ní ilé tí aṣòfin wa ń lò fún ọ́fíìsì ẹkùn, mo pín ìwé ńlá náà sí ọ̀nà tó yẹ. Gọ́tà Ìsọ̀kùn, ilé ìyàgbẹ́ ọjà àti pàǹtírí lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ nínú lẹ́tà, iye mítà gọ́tà náà wà nínú rẹ̀. Bátìrì ilé ìwòsàn àti owó UBEC di ìbéèrè fún àwọn ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà nọ́ọ̀sì. Páìpù Ìjọ̀kà lọ sí ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀. Àwọn ibi tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà tí àwọn awakọ̀ kà sílẹ̀ fún wa jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aṣòfin àgbà tó ń ṣojú wa ní Àbújá. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó to ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ tán, nítorí ohun tí kò bá sí nínú ìwé tí gómìnà bá gbé wá ṣòro láti fi tipá wọlé lẹ́yìn náà.

Lórí ihò wúrà, àwọn aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀sán. Wọ́n gbà pé àbá kan ṣoṣo ni kó jẹ́, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò sì wà lára rẹ̀. Ìbéèrè nípa àdéhùn ìdàgbàsókè àti iye owó wúrà ni yóò ṣáájú, pípe ìgbìmọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì yóò tẹ̀lé e. A fi ìgò omi náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú orúkọ odò àti ọjọ́ tí a bu ú lára rẹ̀. Aṣòfin wa fọwọ́ sí lẹ́tà tó kẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì gba ọ̀nà Òṣogbo.